Àwọn Mánéjà Abà Mọ́gàjí

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ku díẹ̀ nígbà tí Mùjíbátù, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Fàdìlàt, ti mọ́ṣáláṣí dé, tó sì bá ọkùnrin kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, irin jáàkì kan sì wà nítòsí orí rẹ̀. Ìyá Fàdìlàt kò kọ́kọ́ pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí ọkùnrin náà lé itan, ó ń pè é pé, "Ọmọ mi, dìde, jọ̀ọ́ dìde," títí ẹ̀jẹ̀ fi gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìgbà tó yí ojú rẹ̀ sókè tó rí i pé Wándé ni, òṣìṣẹ́ owó orí tí òun fi ìgbálẹ̀ lé jáde lánàá, ìgbà náà ló tó figbe ta.

Igbe náà dé etí àwọn tó ṣì ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Abà Mọ́gàjí kò jìnnà sí Lálùpọn. Nínú ọgbà gàrí tó wà létí abúlé náà ni obìnrin mẹ́rìnlá ti ń jẹun. Wọn a ra ẹ̀gẹ́ lóko, wọn a bó o, Oyèkúnlé tó ni ẹ̀rọ yóò bá wọn rin ín, wọn a dì í sápò, wọn a fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó yan án. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ nìkan ni iná máa ń kú níbẹ̀ láti aago méjìlá títí wọn yóò fi kírun tán. Ẹni tó gbá Wándé lórí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí aago mẹ́ta tó lù, Sájẹ́ǹtì Khàlíl ti dé láti àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti lé àwọn obìnrin sẹ́yìn, ó ti fi ọ̀rá wé irin náà, ó sì ti gbé Ìyá Fàdìlàt sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti sáré gbé Wándé lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Ó ṣì ń mí, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà.

Aago mẹ́rin ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Hasanat Gbọ́njúbọ́lá dé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ti lé lógójì ọdún díẹ̀, kì í gbé ohùn sókè. Bó bá dé ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, àpótí kékeré ló máa ń wá jókòó lé, bí ẹni tó wá kí ará ilé.

"Ọ̀gá mi, ẹ̀yin náà kàn wá wò ó ni," ni Khàlíl wí. "Ẹjọ́ yìí ti parí. Lánàá, lójú gbogbo èèyàn, ìyá yìí sọ fún un pé bó bá tún padà wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e lọ. Ó padà wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e lọ. Ìyá yìí la bá ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Irin jáàkì ni wọ́n fi gbá a, inú àpótí tí òun nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni jáàkì wọn sì ń gbé. Kí ló tún kù?"

"Báàgì ló kù."

"Báàgì wo?"

"Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá bá èèyàn lórí ọ̀rọ̀ ìwé, ó ní láti mú ìwé lọ́wọ́. Níbo lẹ gbé báàgì rẹ̀ sí?"

Khàlíl họrí. Kò sí báàgì kankan.

"Ṣùgbọ́n Dí-Pí-Ó ti ní ká gbé e dé kóòtù ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé o," ó ní.

"Jímọ́ọ̀ la wà," ni Hasanat dáhùn, ó sì dìde.

Ní àgọ́, Ìyá Fàdìlàt jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ká ìbòrí rẹ̀ mọ́wọ́. Wọ́n ti jẹ́ kó fọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò tíì mọ́.

"Ṣé ẹ ti rí omi mu, Ìyá Fàdìlàt?"

"Omi ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi, Màdámú. Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé kò kú?"

"Kò kú. Ẹ sọ ohun tó da ẹ̀yin àti òun pọ̀ fún mi."

"Ìwé ni o! Ó dé ọgbà wa ní Ọjọ́bọ̀, ó ní òun ń wá mánéjà àgbà kọ́ńpìnì tó ń jẹ́ Mùjíbátù Fúùdù. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, mánéjà wo? Èmi tí èéfín gàrí ti jẹ ojú mi tán? Ó ní orúkọ mi rèé, nọ́ńbà NIN mi rèé. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ti gbé òfin owó orí tuntun jáde fún àwọn kọ́ńpìnì. Àwọn ńlá yóò san nínú èrè wọn, àwọn kékeré kò ní san, ṣùgbọ́n àti ńlá àti kékeré ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé wá, pé tèmi ò tíì wá. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo ní gbájú-ẹ̀ nìyí. Mo bá gbé ìgbálẹ̀."

"Ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn."

"Mo sọ ọ́. N kò lè sọ pé ẹnu ẹlòmíràn ló ti jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò fọ́ orí èèyàn, Màdámú. Irin ló fọ́ ọ."

"Kí ló sọ kó tó lọ?"

"Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́la, pé ìwé àwọn kan ṣì wà lọ́wọ́ òun."

Hasanat na ọwọ́ sí fóònù obìnrin náà tó wà lórí tábìlì. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá náà pè: Àlàájì Yésúfù.

Ojú Ìyá Fàdìlàt yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa Àlàájì wọ̀ ọ́. Àwọn ló ń ra gàrí wa láti ọdún kẹjọ wá. Mo kàn sọ fún wọn pé ó mú ìwé kan wá, pé ó ń padà bọ̀ lọ́la, mo bi wọ́n léèrè nítorí wọ́n mọ̀wé ni. Àwọn ló ń sanwó ilé-ìwé Fàdìlàt, ọmọ náà yóò sì ṣe ìdánwò àṣejáde lóṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá gbé mi lọ sí kóòtù, èmi ni ìyà yóò jẹ. Bí ẹ bá da Àlàájì láàmú, ọmọ mi ni yóò padà wálé wá bó ẹ̀gẹ́."

"Ẹ tilẹ̀ fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n kí Àlàájì má bàa bínú?"

Obìnrin náà tún ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Hasanat dìde, ó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí jáàkì lọ́wọ́ ẹni tó wà nídìí káńtà, ó sì fi í sápò.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ó padà sí ọgbà gàrí. Oyèkúnlé ni ó kọ́kọ́ bá, ọkùnrin Kérúbù tó ní ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́. Ó ń yí bẹ́líìtì ẹ̀rọ rẹ̀.

"Bàbá Aládùúrà, ẹ̀yin nìkan lẹ kì í lọ kírun nínú ọgbà yìí. Níbo lẹ wà lánàá?"

"Mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ó kọ́kọ́ yà," ni Oyèkúnlé wí. "Òjò tó rọ̀ ló mú ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Bí kì í bá ṣe ti ìjàǹbá yìí, kí ló pa èmi àti ọlọ́pàá pọ̀? Ilé ni mo wà. Èmi, ìyàwó mi àti olùṣọ́ àgùntàn wa la jọ ń jẹ èbà. Ẹ lè bi wọ́n."

"Ẹ kò gbọ́ ohun kankan?"

"Mo gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ó wọ ọ̀nà ọgbà yìí, kò pẹ́, ó tún jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo rò pé àwọn agégi ni."

"Ẹ kò yọjú wò ó?"

"Èbà gbígbóná wà níwájú mi, Màdámú. Ta ní í fi ìyẹn sílẹ̀ lọ wo ọkọ̀?"

Hasanat rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Ó yà sọ́dọ̀ Ìyá àgbà Fàtímọ̀, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin náà, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

"Ìyá, ẹ ṣí àpótí yín, kí ẹ fi bí ẹ ṣe ń fún ẹ̀gẹ́ hàn mí."

"Ẹ̀yin ará Ìbàdàn! Kí ẹ máa mu gàrí ni tiyín, kí ẹ má bèèrè bó ṣe dé inú ife." Ṣùgbọ́n ó ṣí i. Ó gbé jáàkì jáde, ó gbé e ka orí pákó tó wà lórí àpò ẹ̀gẹ́, ó tún fa páìpù kan yọ tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ki páìpù náà bọ jáàkì, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Pákó ké, omi funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lábẹ́ àpò.

"Kí ló dé tó gùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Irin tí wọ́n tà mọ́ ọn kúrú. Awakọ̀ tó sígbọnlẹ̀ ló wà fún. Obìnrin ló ń fún ẹ̀gẹ́ níbí, apá obìnrin ni a sì ní. Ọdún kẹfà rèé tí jórinjórin ti bá wa gé páìpù yìí, tó sì gbé èyí kúkúrú lọ."

"Ẹ ò ní òmíràn?"

"Kí la fẹ́ fi òmíràn ṣe? Jáàkì kan, irin kan. Bí a bá fún ẹ̀gẹ́ tán, a tì í mọ́ àpótí. Láti Ọjọ́bọ̀ la ti tì í."

Hasanat wo páìpù náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi í, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ sí, "Ta ló gba nọ́ńbà NIN yín, Ìyá?"

"Ti àwọn kan nínú wa ni. Èmi ò ní. Àlàájì ló gbà á, ó ní ìjọba fẹ́ pín ẹ̀rọ ìyangàrí. Ó ya fọ́tò wọn, wọ́n tẹ̀ka. Ẹ̀rọ ò dé títí dòní. Àlàájì kì í sì í parọ́, bóyá ìjọba ló pa á."

Kó tó kúrò lábúlé, ó pe Ìyáàfin Ọmọ́tọ́lá, tí í ṣe ọ̀gá Wándé níbi iṣẹ́ owó orí.

"Wándé ló ṣàkíyèsí rẹ̀," ni obìnrin náà sọ lórí fóònù. "Ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ ló forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà láti abúlé kan náà, gàrí ni gbogbo wọn ń tà. Ọjà tí oníkálùkù wọn ní òun tà kò tó èyí tí òfin tuntun yóò gba owó orí lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, ilé-iṣẹ́ ńlá gbáà ni. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí àwọn mánéjà náà. Ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló kó sínú báàgì lọ."

"Ta ló mọ̀ pé mẹ́jọ ni?"

"Èmi àti òun nìkan. Àti ẹni tó dá wọn sílẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́."

Ilé ìkẹ́rù Àlàájì Yésúfù wà ní Aláàkíà, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí páànù. Bí ogún òṣìṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń wọn gàrí sínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ àwòrán sí. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta wà níta, wọ́n kun gbogbo wọn ní àwọ̀ ewé, wọ́n ya igbá gàrí sára wọn. Àlàájì fúnra rẹ̀ sanra, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i, tẹ̀súbáà sì ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún Hasanat ní ọ̀rá gàrí kan.

"Ẹ̀bùn kọ́ o, ìpanu lásán ni."

"Bí mo bá jẹ gàrí yín tán, Àlàájì, n ó gbàgbé ohun tí mo wá bèèrè." Ó gbé e padà sórí tábìlì. "Ìyá Fàdìlàt pè yín ní Ọjọ́bọ̀."

"Ó pè mí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Òfin tuntun yìí ni gbogbo gbájú-ẹ̀ fi ń dẹ́rù ba tálákà."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé òfin náà kàn yín?"

"Èmi kẹ̀? Alágbàtà lásán ni mí. Mo rà níbí, mo tà lọ́hùn-ún. Kọ́ńpìnì wo ni mo ní?"

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń lẹ ẹnu ọ̀rá ń dún láìsinmi.

"Níbo lẹ wà lánàá?"

"Àkànrán. Mo lọ wo ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ rà, ibẹ̀ ni mo ti kírun Jímọ́ọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Èmi fúnra mi ni mo wa ọkọ̀, ara awakọ̀ mi ò yá." Ó mí kanlẹ̀. "Màdámú, ẹ ṣàánú àwọn obìnrin mẹ́jọ yẹn. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú ìwé. Àìmọ̀kan ló mú Mùjíbátù ṣe ohun tó ṣe. Bí owó bá lè tún un ṣe, mo wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun," ni Hasanat wí. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ọkọ̀ tó bá ti Abà Mọ́gàjí lọ sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ gba Ìyànà Ọ̀fà kọjá. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tó gba ojú ọ̀nà kọjá, ẹni tó ń lẹ táyà ni kó lọ bá. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Hasanat dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Mahfuz, géńdé kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo.

"Ọkọ̀ akẹ́rù wo lo bá ṣe lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni. Àwọn èèyàn ń ti Jímọ́ọ̀ bọ̀ nígbà náà. Táyà ẹ̀yìn ló fọ́, ọ̀nà oko yẹn ò dáa. Bàbá tó wà á ń làágùn, ó ṣáà ń sọ pé kí n yára. Jáàkì tèmi ò lè gbé ọkọ̀ wọn, mo ní kí wọ́n mú tiwọn wá. Wọ́n mú un wá, irin rẹ̀ ò sí! Mo ní, Bàbá, irin ńkọ́? Wọ́n ní àwọn gbàgbé ẹ̀ sílé." Mahfuz rẹ́rìn-ín. "Ta ní í gbé ara jáde kó gbàgbé apá sílé? Irin ọ̀rẹ́ mi kan ni mo lọ yá."

"O mọ ọkọ̀ náà?"

"Aláwọ̀ ewé ni. Wọ́n ya igbá gàrí sí i."

Hasanat pe Khàlíl lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó ní kó gba ìwé àṣẹ, kó lọ tú ilé ìkẹ́rù Aláàkíà wò bí Àlàájì bá ti jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ló pe Àlàájì. Ó ní Ìyá Fàdìlàt nílò onídùúró, bóyá Àlàájì lè fi ọkọ̀ rẹ̀ tó wà lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ wá sí ọgbà gàrí ní aago méjì, kó wá fọwọ́ sí ìwé.

"Ẹ má ṣèyọnu," ni Àlàájì dáhùn. "Mo ti wà lójú ọ̀nà."

Nígbà tí aago méjì lù, gbogbo abúlé ló ti pé. Oyèkúnlé ṣì wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti mú Ìyá Fàdìlàt wá láti àgọ́, ó dúró láàárín ọlọ́pàá méjì, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ti dúró, àwọn obìnrin kí Àlàájì tìlù tìfọn. Ẹnìkan tilẹ̀ pariwo pé, "Bàbá aláàánú ti dé!"

"Níbo ni kí n fọwọ́ sí?" ni Àlàájì béèrè.

"Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín." Hasanat tú irin tó wà nínú ọ̀rá, ó sì gbé e sókè. Kò gùn tó apá rẹ̀. "Irin tí wọ́n fi gbá Wándé rèé. Sájẹ́ǹtì ní ti jáàkì yín ni. Nínú ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ta ló ń fi í fún ẹ̀gẹ́?"

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ìyá àgbà Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Èyí? Ta ni yóò fi èyí fún ẹ̀gẹ́? Àfi ẹni tó fẹ́ kí èjìká òun já!"

"Tiyín ńkọ́?"

Ìyá àgbà gbé páìpù náà sókè. Ariwo sọ. Ìyá Fàdìlàt gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Sájẹ́ǹtì rí irin jáàkì nínú ọgbà tó ní jáàkì," ni Hasanat wí, "kò sì ronú kọjá ibẹ̀. Tiyín kò kúrò nínú àpótí láti Ọjọ́bọ̀. Irin yìí bá ọkọ̀ wá. Oyèkúnlé gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó wọlé tó sì sáré jáde nígbà tí gbogbo yín wà lórí ìrun. Àlàájì, ẹ gbé jáàkì ọkọ̀ yín sọ̀ kalẹ̀ fún mi."

"Kí ni jáàkì mi fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ ṣáà gbé e wá."

Ọlọ́pàá kan ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Hasanat ki irin kúkúrú náà bọ ojú ihò rẹ̀. Ó wọlé wẹ́kú, kò mì.

"Jáàkì pọ̀ láyé," ni Àlàájì wí. Tẹ̀súbáà ti dẹ́kun yíyí. "Ẹnikẹ́ni ló lè jí irin ọkọ̀ mi. Àkànrán ni mo wà, mo ti sọ fún yín."

"Mahfuz!"

Mahfuz jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá," ó ní. "Ṣé táyà ṣì dúró?"

Ẹ̀rín sọ, ó sì kú lójijì. Kò sí ẹni tó ti Àkànrán lọ sí Aláàkíà tí í gba Ìyànà Ọ̀fà. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

"Irin náà nìkan ì bá tó mi," ni Hasanat wí, "ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ìdí tí ẹni tó láàánú tó báyìí yóò fi gbá ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi. Ẹ ní kí n ṣàánú àwọn obìnrin mẹ́jọ. Ìyá mẹ́rìnlá ló wà níbí, Àlàájì. Ìwé kan ṣoṣo ni Ìyá Fàdìlàt rí, ohun tó sì sọ fún yín lórí fóònù nìyẹn. Mẹ́jọ ni Wándé kó sínú báàgì. Níbo lẹ ti rí mẹ́jọ?"

Àlàájì yíjú sí ọkọ̀ rẹ̀, ọlọ́pàá kan sì dí i lọ́nà.

"Nígbà tí òfin owó orí tuntun ń bọ̀, ẹ rí i pé ilé-iṣẹ́ yín ti tóbi ju èyí tí wọ́n yóò fojú fò. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ gba NIN àwọn tó fọkàn tán yín, ẹ ní ẹ̀rọ ń bọ̀, ẹ sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di kọ́ńpìnì láìsọ fún wọn. Wándé ní òun fẹ́ rí ojú wọn. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá jókòó tì í, wọn yóò dárúkọ yín kí omi tó hó. Ẹ wá dè é nígbà ìrun."

Khàlíl dé lójú ẹsẹ̀ náà lórí ọ̀kadà, eruku bò ó dé orí. Báàgì dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Ìyá Fàdìlàt kó tó wo ọ̀gá rẹ̀. "Abẹ́ àpò gàrí la ti bá a, ọ̀gá mi. Ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà nínú rẹ̀."

Nígbà náà ni Àlàájì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀.

"N kò fẹ́ pa á," ó ní. "Owó ni mo kọ́kọ́ nà sí i. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò gbà á, ó kẹ̀yìn sí mi. Irin ti wà lọ́wọ́ mi..." Ó ké sí Ìyá Fàdìlàt. "Mùjíbátù, bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìwọ mọ̀ mí. Ta ló ń sanwó ilé-ìwé Fàdìlàt?"

Ìyá Fàdìlàt rìn dé iwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Àlàájì. N kò ní sẹ́ ẹ láéláé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni mo fi sùn sórí sìmẹ́ńtì, ẹ gbọ́, ẹ sì mọ̀ pé èmi kọ́. Ẹ wá síbí láti wá dúró fún mi lórí ohun tí ẹ̀yin ṣe." Ó na ọwọ́ sí àwọn àpò ẹ̀gẹ́. "Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Gàrí mi, mo tà á fún yín. Orúkọ mi, n kò tà á."

Wọ́n gbé Àlàájì lọ.

"Ọmọ náà ńkọ́?" ni Ìyá Fàdìlàt béèrè.

"Wándé la ojú láàárọ̀ yìí," ni Hasanat dáhùn. "Kò tíì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní ó ń gbọ́ni. Ìyá Fàdìlàt, ilé ti yá. Àmọ́ n kò ní tàn yín. Lójú òfin, ìwé wọ̀nyẹn ṣì jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló gbọ́dọ̀ lọ sọ pé ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀."

"Àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn á gbọ́ tiwa bí?" ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà béèrè. "Àwa tí a ò mọ̀wé?"

"Ẹnu la ó fi sọ ọ́, kì í ṣe ìwé," ni Ìyá Fàdìlàt dá a lóhùn.

"Fàdìlàt ńkọ́?" ni Ìyá àgbà béèrè jẹ́jẹ́.

"Yóò ṣe ìdánwò rẹ̀. Bó bá gba kí n yan gàrí ilọ́po méjì, n ó yan án." Ó yíjú sí Hasanat. "Aago mélòó ni ibi iṣẹ́ owó orí yẹn ń ṣílẹ̀kùn?"

"Mẹ́jọ àárọ̀."

Ìyá Fàdìlàt so ìró rẹ̀ le, ó sì wo àwọn méje yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ tètè sùn. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn lọ́la, ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n ti bá wa."